Irin Òǹtẹ̀ Bàbá Wa Kò Gbọdọ̀ Bọ́ Sọ́wọ́ Rautenfeld

Èmi, Ottilie Friederike Wörner, ọmọ Konrad Heyl tó ń gbẹ́ irin òǹtẹ̀ tí a fi ń lu àmì sára fàdákà, opó Emil Wörner tó máa ń mú fàdákà dán, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo ń gbé yàrá méjì lókè ilé oníbúrẹ́dì ní Hanau, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, nítorí òfin ní bí ẹlòmíràn bá bá mi kọ ọ́, asán ni. Orí mi pé. Ara mi ni kò pé.

Ẹ̀gbọ́n mi Adelheid, ẹ̀yin ni mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí, nítorí náà ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ márùn-ún. Kókó kan wà nínú ikùn mi. Dókítà ní ó ti tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé màá jí?" Ó wo bàtà ara rẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin Wörner, ẹ lọ ṣètò ilé yín." Ẹni tí dókítà bá wo bàtà dá lóhùn kò nílò àlàyé mọ́.

Ìròyìn kejì wúwo ju èyí lọ, ọdún mẹ́rin ó lé ni mo sì fi dì í sínú: kì í ṣe nítorí pé Bàbá wa jẹ̀bi ló ṣe dákẹ́ níwájú adájọ́. Nítorí tèmi ni. Ẹ má tíì ya ìwé yìí. Ẹ kà á dópin.

ÌKÍNÍ. Mathilde ọmọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tilli, ọmọ ọdún mẹ́ta ó lé oṣù mẹ́rin, ni àrólé mi kan ṣoṣo. Òfin fún ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti kú láṣẹ láti yan alágbàtọ́ fún ọmọ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Mo yan ẹ̀yin, Adelheid Barth, aya ẹni tó ń tún aago ṣe ní Schwäbisch Gmünd. Bí n kò bá yan ẹnikẹ́ni, tàbí bí ẹ bá kọ̀, ìyá ọkọ mi ni ilé ẹjọ́ yóò gbé e fún, pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú yàrá méjèèjì.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ìyá ọkọ mi. Kì í lu ọmọ. Ó máa ń fún un ní súgà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó lọ lọ́hùn-ún, Tilli mú ṣíbí nílé rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, bí Bàbá ṣe kọ́ èmi àti ẹ̀yin. Ìyá ọkọ mi já ṣíbí gbà. "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ayédèrú! Ṣé ìwọ náà fẹ́ jogún ẹ̀wọ̀n ni?" Ọmọ ọdún mẹ́ta! Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé, Tilli fà mí láṣọ. "Mọ́mì, kí ni ayédèrú? Ṣé ó máa ń bu ni jẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń bu ni jẹ, ṣùgbọ́n kò sí nínú ilé tiwa. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń fi súgà tẹ̀ lé èébú.

ÌKEJÌ. Pẹlẹbẹ òjé tó wà nísàlẹ̀ àpótí ìgbéyàwó mi. Mo fi fún Tilli, kí ẹ̀yin máa bá a tọ́jú rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà àwọn agbẹ́rin-òǹtẹ̀ nílùú yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà láàárín aago, ẹ lè ti gbàgbé. Irin òǹtẹ̀ tuntun kì í kúrò lórí tábìlì ẹni tó gbẹ́ ẹ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ lù ú sórí òjé, kí ẹni tó ní kí a gbẹ́ ẹ rí i bóyá ó mọ́. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú abẹ́rẹ́ irin, tí yóò ha lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Ìgbà yẹn ni irin tó di tirẹ̀. Bàbá máa ń sọ pé òjé ni ìwé àwọn tí kò fẹ́ kọ̀wé.

Àmì mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà lórí òjé yìí. Wọ́n ha B.N. sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. B.N. ni Balthasar Nebel, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ fàdákà Rautenfeld, àbúrò ìyá ọkọ mi. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1907, nígbà ẹjọ́ àwọn ife tuntun tí wọ́n tà sí London bí ti àtijọ́, Rautenfeld tó ni ilé-iṣẹ́ náà na ìka sókè níwájú adájọ́, ó búra pé òun kò fojú kan àwọn irin wọ̀nyẹn rí láyé òun. Ó ní arúgbó kan tó ń gbẹ́ nǹkan nínú ilé rẹ̀ ló gbẹ́ wọn ní kọ̀rọ̀, tó sì ń lù wọ́n sára ife òun láìjẹ́ kí òun mọ̀. Nebel náà na ìka tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Adájọ́ wá kọjú sí Bàbá: "Heyl, kí lẹ ní í sọ sí i?" Bàbá ní, "N kò ní nǹkan kan í sọ." Oṣù mẹ́rin ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni òjé yìí wà lọ́jọ́ náà! Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ilé ẹjọ́ délé wa. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó èmi àti Emil ku oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mo di ẹsẹ̀ Bàbá mú bí ọmọ ọwọ́, mo ní bí Nebel bá wẹ̀wọ̀n, ìyá Emil kò ní gbà kí Emil fẹ́ mi láéláé. Bàbá ń wọ bàtà lọ́wọ́. Ó ní, "Ó tó, Ottilie. Nu ojú rẹ. Oṣù díẹ̀ kì í ṣe gbogbo ayé." Ó fa òjé jáde, ó ní kí n lọ fi sábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà lọ́jọ́ tí mo wọ aṣọ náà. Ikọ́ tó kó níbẹ̀ ló pa á. Gbogbo yín rò pé ojú ló ń tì í. Ẹ̀yin gan-an sọ ọ́ lẹ́bàá ibojì, etí mi ló ṣe: "Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í dákẹ́ níwájú adájọ́." Mo gbọ́, mo sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní nìkan ru ẹrù yìí. Àwọn méjì tó búra èké ń jẹun yó, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣí fìlà fún mi lójú pópó!

Ọjọ́rú tó kọjá ni Nebel wá kí mi. Orí àpótí náà gan-an ló fìdí lé, ó ń mu ọtí èso ápù tí mo bù fún un. "Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé ara rẹ ò yá. Pẹ̀lẹ́ o. Bàbá rẹ ní ògbólógbòó òjé kan, àbí? Kó o fún mi o jàre, kí n yọ́ ọ, kí n fi so ẹsẹ̀ àwọ̀n mi. Ẹja ti pọ̀ lódò Main." Mo ní, "Bàbá Nebel, òkúta ni kí ẹ fi so ó. Òkúta kì í mọ orúkọ ẹni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mu ọtí náà tán kó tó dìde, ẹ wo àyà bí irin!

Orí ààrò lásán ni òjé ti ń yọ́. Bí Tilli bá bọ́ sílé ìyá ọkọ mi, òjé yìí á ti di ẹsẹ̀ àwọ̀n kí òkú mi tó tutù. Nítorí náà, ọmọ àti òjé ni kí ẹ jọ gbà. Bí àwọn méjèèjì bá ti wà lọ́dọ̀ yín láìséwu, ẹ gbé òjé lọ bá agbẹjọ́rò ní Frankfurt, kì í ṣe ti Hanau. Gbogbo Hanau ló ń jẹun lábẹ́ Rautenfeld.

ÌKẸTA. Irin òǹtẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, nínú àpò awọ. Nígbà tí Bàbá jáde lẹ́wọ̀n, ilé ẹjọ́ kó wọn fún un. Rautenfeld ti búra pé kì í ṣe tòun, ta ni wọn ì bá tún kó wọn fún? Ní báyìí tí ọjà ti yá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ń béèrè ife aláràbarà, ó ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n dá "ohun ìní ilé-iṣẹ́" padà. Ohun ìní! Èyí tó búra pé òun ò mọ̀! Kó máà mọ̀ wọ́n lọ títí ayé. Mo pàṣẹ pé kí ọkọ yín fi ayùn wẹ́wẹ́ tí ó fi ń ṣe aago rẹ́ ojú gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi dán bí èékánná. Ẹ̀rí wọn ti wà lórí òjé.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní Bàbá mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ pé òǹtẹ̀ tí òun ń gbẹ́ kì í ṣe ti àtijọ́. Ta ni kò mọ̀ ní Hanau? Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó ọjà nílé níbí, wọ́n kọ ọ́ pé "ní ìrísí àtijọ́," kò sì sẹ́ni tó ṣe láburú pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ̀yìn odi ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ta ló sọ fún oníṣòwò London pé ife tí kò tíì pé ọdún kan jẹ́ ti igba ọdún sẹ́yìn? Ṣé ẹni tó jókòó lójú fèrèsé, tí awò wà lójú rẹ̀ kan, tí kò dé London rí? Wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn, wọn ò jẹ́ kó jẹ níbẹ̀, wọ́n tún ní òun ló jí àgbọn.

Ẹ kọ́ Tilli bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Lára ife àtijọ́ tòótọ́, alágbẹ̀dẹ á lu òǹtẹ̀ orúkọ tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n á ha á fi dán fàdákà wò, hínhá náà á sì fi ìlà kọ́lọkọ̀lọ sílẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá yege, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ìlú. Ọwọ́ méjì, ọjọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí àmì òtítọ́ kì í fi í tò dọ́gba: ọ̀kan á wọ́, ọ̀kan á dúró, ọ̀kan á jinlẹ̀, ìkejì á pá. Ṣùgbọ́n ti Rautenfeld? Wọ́n tò gbọnrangandan bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de olùkọ́. Ọwọ́ kan ló lù wọ́n, láàárín ìmí kan. Kò tiẹ̀ sí ìlà kọ́lọkọ̀lọ kankan, nítorí kò sí àgbà tó dán wọn wò.

Ojúkòkòrò kò sì jẹ́ kí Rautenfeld kàwé. Ó ní kí Bàbá gbẹ́ èso igi páìnì, àmì ìlú Augsburg, kó tún gbẹ́ òdòdó lílì ti Paris, ó sì lu méjèèjì sára ife kan náà! Mo wà nílé lọ́jọ́ tí Nebel mú iṣẹ́ yẹn wá. Bàbá ní, "Balthasar, ṣé ìyá méjì ló bí ife yìí ni?" Nebel ní, "Àwọn tó ń rà á ò mọ ìyá rẹ̀. Ṣáà gbẹ́ ẹ, bàbá arúgbó." Bàbá gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe nǹkan kan tí Nebel kò rí. Èso páìnì ti Augsburg ní ẹsẹ̀ tó dúró lé. Nínú gbogbo èyí tí Bàbá gbẹ́, kò sí ọ̀kan tó lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá mọ nǹkan wò rí i pé òun kò tan onítọ̀hún jẹ. Ohun tí ọ̀mọ̀wé kan ní Frankfurt, tí wọ́n gbé ife fún yẹ̀wò, kọ́kọ́ tọ́ka sí nìyẹn tí àṣírí fi tú. Ẹ rí i pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ òtítọ́ síbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi òtítọ́ ọ̀hún tì mọ́lé.

ÌKẸRIN. Ewúrẹ́ mi funfun, mo fi fún Kunigunde Ott, alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó fẹ́ bá mi ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní, "Ìyá Ott, ẹni tó bá jogún ewúrẹ́ ò lè jẹ́rìí sí i." Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ewúrẹ́ ni mo mú."

Aago àpò Emil àti àwòrán rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún ìyá ọkọ mi. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n òun ló bí Emil, Emil sì dára. Ní oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ń wá aṣọ nínú àpótí, ó rí òjé, ó rí lẹ́tà orúkọ àbúrò ìyá rẹ̀ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ó ní, "Bí Bàbá bá jáde, ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa gbé." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn méjèèjì jọ ń wúkọ́ nínú yàrá kan, ọ̀kan fún ẹ̀wọ̀n, ọ̀kan fún eruku fàdákà, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò borí.

Bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti aṣọ mi, ẹ ṣe wọ́n bó bá ṣe wù yín.

ÌKARÙN-ÚN. Awò Bàbá, èyí tó ń fi sójú kan, Tilli ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó máa fi ṣeré láti ìsinsìnyí. Bó bá fọ́, ó fọ́.

ÌKẸFÀ. Ife tí Bàbá fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín ní 1902. Kì í ṣe tèmi láti fi ṣe ogún fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò lè kú kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́bàá ibojì yẹn náà lẹ ti sọ pé, "Ife yẹn nìkan ni ohun òtítọ́ tó fún mi." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e wá sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo èso páìnì náà dáadáa. Ṣé ó lẹ́sẹ̀? Kò ní. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ife yín. Bàbá ló ṣe é, òun ló lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Ìyá wa ò jogún ife kankan, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Àwọn àna yín ní Gmünd ń wò yín bí ọmọ tálákà, lẹ bá sọ fún wọn pé ilé wa ní ife àtijọ́ láti Augsburg. Ẹ wálé, ẹ ń sunkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá gbé ife lé yín lọ́wọ́, ó ní, "Ìran ìyá rẹ ló ni ín, ó wà níbì kan látọjọ́ yìí. Má fi han àwọn tó mọ̀ jù. Ṣáà máa mu nǹkan nínú rẹ̀." Ẹ kò bi í léèrè ibi tó ti wà. Láti ìgbà yẹn lẹ ti gba irọ́ tiyín gbọ́.

Ẹ má bínú tí mo bá le. Àkókò ọ̀rọ̀ dídùn ti kọjá lọ́dọ̀ mi.

Ẹ ní kí ọkọ yín mú ẹ̀mú rẹ̀ tó kéré jù, kó tú nọ́ọ̀tì inú ìsàlẹ̀ ife náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yọ. Nínú ẹsẹ̀ yẹn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, ẹ ó rí adé àti òṣùpá tí òfin ìjọba ní kí a lù sára fàdákà, òǹkà 800 tó ń sọ bí fàdákà ṣe mọ́ tó, ọdún 1902, àti lẹ́tà méjì: K.H. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi gbẹ́ orúkọ ẹlòmíràn sára irin, kò ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ rí, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ látinú ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ lu orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú, sínú ife yín. Irọ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún wà níta, òtítọ́ wà nínú. Ó ṣe irọ́ kan fún yín, ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún mi. Àwa ọmọ méjèèjì la jẹ ẹ́ ní gbèsè, Rautenfeld àti Nebel sì wá fi ṣèjẹ.

Irin K.H. yẹn wà nínú àpò abẹ́rẹ́ mi. Òun ni ìkẹrìnlélọ́gọ́rin. Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Tilli ni mo fi fún.

ÌKEJE. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má kọ iṣẹ́ Bàbá sórí òkúta ibojì rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí inú ẹsẹ̀ ife, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́: Konrad Heyl, agbẹ́rin-òǹtẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ.

Bí mo bá jí lẹ́yìn abẹ, èmi fúnra mi ni màá gbé òjé lọ bá agbẹjọ́rò, ẹ ó sì bú mi lójúkojú. Bí n kò bá jí, ẹ̀dà ìwé yìí wà nílé ẹjọ́; ọwọ́ mi náà ni mo fi kọ ọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Hanau, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 1911.

Ottilie Friederike Wörner, ọmọ Heyl

Òfin ò béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí rí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, orí mi sì pé:
Theodor Passet, olùkọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin, tó ti fẹ̀yìn tì
Walburga Kress, agbẹ̀bí

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ott ti ṣe tán láti mú Tilli àti àpótí náà wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá yín lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí n tó wọlé ìwòsàn. Ṣé ẹ ó gbà á? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kó tó di ọjọ́ Àìkú.